Ẹ̀fọ́rí tó kọ̀ tí kò lọ: ìgbà wo lẹ sáré gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ?

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni mo ń kọ èyí. Ọkọ mi ti wọ bàtà, ó ní ká máa lọ sílé ìwòsàn, èmi ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo kọ̀. Ọjọ́ kejìlá rèé tí orí ti ń fọ́ mi. Kì í ṣe èyí tó ń gbéni ṣubú. Ó dà bí ìgbà téèyàn wé gèlè tó le koko láti àárọ̀ tí kò ráyè tú u, ó yí orí ká, ó sì kan ọrùn díẹ̀. Mò ń lọ sí Gbági, mò ń wọn aṣọ, mò ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ owó. Mo lo oògùn, á rọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó tún dé.

Ohun méjì ló so mí mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó: owó káàdì, owó àyẹ̀wò, owó àsansílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lóru. Èkejì, ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan wò mí látòkè délẹ̀ kó ní, "Màmá, orí fífọ́ lásán lẹ torí ẹ̀ wá lóru?"

Ẹ má kan kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó sọ tiẹ̀: kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi dìde, àbí kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi jókòó?

Bàbá Wẹ́dà, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ (mo mọ̀ pé ẹ ní ká má sọ ọ́). Túúlu ni tèmi, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló máa ń mú, apá òsì nígbà púpọ̀. Kó tó dé, mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tó rí kọ́lọkọ̀lọ létí ojú. Ẹ má rò pé iná wẹ́dà ni o, lọ́jọ́ Sunday tí mi ò ṣiṣẹ́ náà mò ń rí i. Bí ogún ìṣẹ́jú sígbà náà, ẹ̀bátí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, òórùn epo tí wọ́n ń dín nílé kejì á mú mi bì. Yàrá tó ṣókùnkùn, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí n sùn, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti torí ẹ̀ sáré dé ẹmájẹ́ńsì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wákàtí márùn-ún ni mo fi jókòó lábẹ́ iná gbọọrọ kan tó ń ṣẹ́jú, iná yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Dókítà tó wá dá mi lóhùn ò tíì ju ọmọ mi àkọ́bí lọ. Ó ní, "Bàbá, ṣé èyí tẹ́ ẹ mọ̀ ni, àbí àjèjì ni?" Mo ní èyí tí mo mọ̀ ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní kí n ra ìwé kékeré kan, kí n máa kọ ọjọ́ tó bá dé sí i.

Ìwé ọ̀hún wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi títí dòní, ó ti dúdú fún ẹ́ńjìnì ọ́ìlì. Èyí tó bá jọ ti àtẹ̀yìnwá, mo máa ń sùn sí i nílé. Èyí tó bá wọlé bí àlejò, mi ò ní bá a jókòó.

Ní tiyín, ṣé ẹ ti ní irú ẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ méjìlá yìí?

Àǹtí Ìkókó, Òṣogbo

Ti àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́bọ̀ ló bímọ, ìyá dáadáa, ọmọ dáadáa, Àbámẹ́ta ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní orí ń fọ́ òun. Orí ta ni ò ní fọ́? Ìkókó ò jẹ́ kó sùn, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Màmá wa gbé omi kaná, wọ́n ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lára. Ó lo parasítámọ̀ò méjì, kò gbọ́. Ó tún lo méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yẹn, èmi ni mo sì rà á. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀kan nínú iná méjèèjì yìí, ó ń ta mí lójú." Mo ní iná méjì wo? Ó nàka sí gílóòbù, ó sì nàka sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ògiri lásán ló wà. Àyà mi já. Mo bi í pé kí ló tún ń ṣe é. Ó ní òkè ikùn òun lápá ọ̀tún ń dun òun, òun rò pé ebi ni.

Màmá ní ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́, pé abiyamọ tuntun kì í jáde lóru. Mo gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, mo ní, ẹ bínú sí mi tó bá dọ̀la. Aládùúgbò wa tó ń wa takisí la lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀.

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, 174 lórí 116 ni ẹ̀rọ ìfúnpá kà. Nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n ní apá kejì, kò gba ojú ẹ̀ gbọ́. Kí wọ́n tó gbé àbúrò mi dórí bẹ́ẹ̀dì, gìrì mú un lójú mi báyìí, eyín ẹ̀ pàdé. Magnesium sulphate, oògùn tó ń dá gìrì dúró, ni wọ́n fún un, wọ́n gún un sínú iṣan, wọ́n tún gún un ní ìdí méjèèjì, kí wọ́n tó wá kọjú sí ìfúnpá.

Ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ kejì ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bímọ ládùúgbò wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún ń fà kò dandan kó bá ibi ọmọ jáde, ó lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ó ní bó bá ti di 140 lórí 90 kí wọ́n wá rí wọn, bó bá di 160 lórí 110 kí wọ́n má wulẹ̀ wá aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Ìfúnpá àbúrò mi ò sì ga rí nígbà tó wà nínú oyún o.

Ọmọ yẹn ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Màmá ní àdúrà àwọn ló ṣiṣẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham, London

Tèmi ò gba ọjọ́ méjìlá. Kò gba ìṣẹ́jú kan pàápàá.

Ọjọ́ Sunday ni, mò ń ro àmàlà. Ṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan gba ẹ̀yìn wọlé tó fi ọmọ odó gbá mi ní ìpàkọ́. Mo yíjú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta, mi ò mọ irú ìrora yẹn rí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ti dé góńgó. Mo bì sínú síǹkì. Ẹ ò wá rí ọ̀rọ̀ ayé: ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé àmàlà mi á ní kókó. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó bá mi rò ó parí, pé mo fẹ́ lọ dùbúlẹ̀. Ó wo ojú mi, ó pe 999.

Ìbéèrè tí àwọn elémájẹ́ńsì ń tẹnu mọ́ kì í ṣe bó ṣe ń dùn mí tó. "Látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sígbà tó le jù, báwo ló ṣe yá tó?" ni wọ́n ń bi mí. Wọ́n tì mí sábẹ́ ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú orí kó tó di wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní tí wọ́n bá yà á láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, ó ṣòro kí ẹ̀jẹ̀ tó bá tú sínú orí ríbi sá sí. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n lè ní láti fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn kí wọ́n tó lè fọkàn balẹ̀. Iṣan kan nínú ọpọlọ mi ló ti wú bí fèrè àfọ́nwú tó wá ń jò. Ibi itan ni wọ́n gbà wọ inú iṣan dé orí, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín dí ojú ẹ̀. Ọjọ́ 21 ni mo fi lo oògùn kan tó ń jẹ́ nimodipine, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tọ̀sán-tòru. Wọ́n á jí mi ní aago méjì, wọ́n á tún jí mi ní aago mẹ́fà.

Ẹ̀yin ará wa tó wà níbí tí ìwé yín ò pé, ẹ má torí ẹ̀ kú sílé. Ìtọ́jú inú ẹ̀ka pàjáwìrì fúnra ẹ̀, wọn kì í gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá gba èèyàn dúró lọ̀rọ̀ owó máa ń dé bá àlejò.

Àgbà Ìjọ

Ẹ má dẹ́rù ba ìyá yìí jù. Àwọn bàbá wa kò mọ CT, orí wọn ń fọ́, wọ́n sì ń lo àgbo. Kí wọ́n bu omi tútù sórí, kí wọ́n sùn, kí wọ́n gbàdúrà. Ọjà títà lábẹ́ oòrùn ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àgbà Ìjọ, ẹ ò jẹ̀bi tán, sà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́rí tó ń wọlé tọ̀ wá, omi àti oorun ló ń wá. Àwọn bàbá wa tí ẹ ní wọ́n lo àgbo, àwọn tó kú nínú wọn kọ́ ló wá ròyìn fún wa.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá dé iwájú wa. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, orí ń fọ́ mi gan-an." Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì ló ń sọ gan-an! Ẹ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni àbí wàràwàrà. Ẹ sọ ẹni tó bá a rìn wá. Nígbà ọyẹ́, obìnrin kan gbé ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá, ó ní ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń lo oògùn ibà. Mo ní kí ọmọ fi àgbọ̀n kan àyà. Kò lè ṣe é, ọrùn ẹ̀ le bí igi, ó sì ń fọwọ́ bo ojú nítorí iná. Yírunyírun ni, àrùn awọ tó bo ọpọlọ. Ká ní ọ̀rọ̀ ibà yẹn ni mo gbọ́ tí mi ò wo ọmọ, orí bẹ́ńṣì ló máa wà. Ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá sì wọ́, tí apá kan ò gbé, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, kó má tiẹ̀ tò sórí ìlà. Kó má sì fúnra ẹ̀ wakọ̀ wá, mo ti rí ìyẹn náà.

Ní ti owó: òfin ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014, abala 20, ní a ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tàbí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé ìsanwó. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ sókè. Ẹni tó bá wà l'Ékòó, 767 tàbí 112 ni kó pè.

Ìyá Aláṣọ, ẹ ní ẹ ń lo oògùn. Oògùn wo? Látìgbà wo? Hóró mélòó lóòjọ́? Ibẹ̀ lẹ fò.

Ayálégbé, Ìkòròdú

Kékeré ni tèmi. Èmi, ìyàwó, àti àbúrò ẹ̀, orí gbogbo wa ń fọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. A ní ibà ló ń jà. Mo jáde lọ ra oògùn, kí n tó dé kẹ́míìsì orí mi ti ń rọ̀. Mo padà sílé, ó tún gbéra. Ibẹ̀ ni làákàyè mi ti ṣí: jẹnẹrétọ̀ onílé wà lábẹ́ fèrèsé wa, èéfín ẹ̀ sì ń wọlé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sun ìta lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀fọn jẹ wá dójú ikú.

Àkọ́bí Bàbá, Ìwó

Bàbá mi, ẹni ọdún 76, forí gbá àtẹ́rígbà nígbà tí wọ́n ń wọ ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, a jọ rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí ń wúwo. Bàtà òsì wá ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn láì mọ̀. Wọ́n ń pè mí lórúkọ àbúrò mi. Gbogbo wa ní ogbó ni. Oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì ni wọ́n sì ń lò fún ọkàn, kò sẹ́ni tó so ọ̀kan mọ́ èkejì nínú wa.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ láàárín agbárí àti ọpọlọ. Wọ́n lu ihò méjì sí agbárí, wọ́n fà á jáde, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta bàbá mi ti ń bi mí pé ta ló ń bomi fún adìyẹ òun. Látìgbà náà, tí mo bá gbọ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ará Awẹ́ wa, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ nílé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ní 1962, mo máa ń dìde dúró díẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mi ò lọ lóru ọjọ́ yẹn. Mo fi àgbọ̀n kan àyà, ó kàn án. Iná kan ni mo rí níbi tí iná kan wà. Kò dé lójijì, apá mi méjèèjì ń gbé. Ọkọ mi lọ yá ẹ̀rọ ìfúnpá lọ́wọ́ aládùúgbò, 132 lórí 84. A gbà pé a ó lọ tílẹ̀ bá mọ́.

Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì ni ò jẹ́ kí n sùn. Mo dìde, mo tú báàgì ọjà mi. Káàdì oògùn òfìfo mọ́kànlá ni mo rí níbẹ̀, ti ilé ò sí nínú ẹ̀. Látìgbà tí ọjà ti dá ni mo ti ń lò ó, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ó ti lé lóṣù mẹ́ta.

Mo kó gbogbo káàdì yẹn sínú ọ̀rá, mo gbé e ka orí tábìlì dókítà. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa, ojú, ọrùn, ẹsẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní oògùn apara-ìrora lásán, téèyàn bá ń lò ó fún ọjọ́ 15 lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì lé lóṣù mẹ́ta, òun fúnra ẹ̀ lè wá máa fọ́ni lórí. Èyí tí wọ́n bá pò pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn bíi tèmi, ọjọ́ 10 ti tó. Ó ní kí n dá a dúró, pé ó máa kọ́kọ́ le sí i. Ó wá dárúkọ ohun tó bá yọjú tí mo gbọ́dọ̀ sáré padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ níbí.

Ọjọ́ kẹrin rèé, ó sì le lóòótọ́. Ọkọ mi ti kó gbogbo oògùn inú ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó gbàgbé pé káàdì kan wà nínú àpótí gèlè mi. Mo gbé e fún un láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e.