Ìwé 24, Ọ̀sẹ̀ 12: Ẹ Gbà Mí Nímọ̀ràn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní Abẹ́òkúta, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè M.A. nínú èdè Yorùbá ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìwé 24 ni wọ́n yàn fún wa, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ 12 péré. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, kí n gbọ́únjẹ, kí n sì yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ wò, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, n kì í sì í ka ojú ìwé mẹ́ta kí oorun tó gbé mi lọ. Ìwé méje ni mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò parí ẹyọ kan. Ohun tó tún ń dójú tì mí ni pé n kò lè rí ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé kí n má dúró, nítorí náà òkìtì mìíràn tún wà nílé tí kò sí lára 24 yìí rárá. Báwo ni kí n ṣe é?

ÈSÌ LÁTI Ọ̀DỌ̀ OLÙKỌ́-FẸ̀YÌNTÌ, ÌBÀDÀN

Ọmọ mi, mú bírò kí a jọ ṣírò. Bí a bá ní ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 ojú ìwé, gbogbo rẹ̀ di 3,600. Ọjọ́ 84 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ 12, èyí tó fi hàn pé o ní láti máa ka ojú ìwé 43 lójúmọ́. Bí ojú ìwé kan bá ń gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àtààbọ̀ lójoojúmọ́, láìyọ ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Ṣé o ní i? Bí ó bá jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú lo ní, ìwé 11 ni agbára rẹ ká. Ìwọ kọ́ lo ya ọ̀lẹ. Ìṣirò ni kò bára mu. Lọ bá olùkọ́ rẹ, kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èwo gan-an ni ìdánwò dúró lé lórí.

Má sì ka gbogbo ìwé bákan náà. Bí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, bá wà níbẹ̀, ó ju 600 ojú ìwé lọ. Òun nìkan tó ìwé mẹ́rin. Orí tó kan iṣẹ́ rẹ ni kí o kà. Ìwé gírámà ńkọ́? À ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, a kì í kà á bí ìtàn àròsọ.

ÈSÌ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÒṢÌṢẸ́ BÁŃKÌ, ÈKÓ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Lójú tèmi, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọ̀tá yín. Ẹ sùn ní àkókò náà, kí ẹ jí ní aago márùn-ún kí àwọn ọmọ tó jí. Èmi ka *Àjà Ló Lẹrù*, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti 1969, tán láàrin ọjọ́ mẹ́rin nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ìkòròdù, nítorí pé ìtàn ọ̀daràn a máa fa ènìyàn lọ fúnra rẹ̀. Ewì kò ṣeé kà nínú dánfó, mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ka ewì sókè sínú fóònù mi, n ó sì máa gbọ́ ọ bí mo bá ń fọṣọ.

Bí ìtàn Sẹ̀gilọlá, ìtàn àròsọ nípa ìgbésí ayé obìnrin kan, bá wà lára tiyín, ẹ rántí pé lẹ́tà ni wọ́n fi gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* láàrin 1929 àti 1930. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ kà á ń rí lẹ́tà kà; ẹ̀yin ẹ máa ka lẹ́tà kan lójúmọ́. Àkọtọ́ àtijọ́ rẹ̀, «aiye» àti «enia», lè kọ́kọ́ fà yín sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á sókè, etí yóò mọ ohun tí ojú kò tètè mọ̀.

ÈSÌ LÁTI Ọ̀DỌ̀ AKẸ́KỌ̀Ọ́ KAN, ADÓ-ÈKÌTÌ

Ẹ̀gbọ́n, àáró ni àwa ṣe. Àwa márùn-ún pín ìwé láàrin ara wa bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bá ara wọn ro oko, oníkálukú ka tirẹ̀, ó sì wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù ní ọ̀sán Sátidé.

ÈSÌ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌYÁ ONÍWÉ, ÒṢOGBO

Ìwé ni mo ń tà, nítorí náà ẹ má retí pé n ó ní kí ẹ má rà mọ́. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àáró yẹn pátápátá. Ó dára fún ìwé lámèyítọ́, ìyẹn ìwé tó ń ṣàtúpalẹ̀ iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, níbi tí èrò ti ṣeé kó jọ ní gbólóhùn mẹ́wàá. Ní ti ìtàn àròsọ àti ewì, ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún kò tíì kà á: ìdánwò yóò béèrè bí òǹkọ̀wé ṣe lo èdè, ẹnìkejì yín kò sì lè gbọ́ adùn èdè bá yín.

ÌDÁHÙN OLÙBÉÈRÈ

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá àti ẹ̀yin yòókù. Mo lọ bá olùkọ́ wa. Ìwé 13 ló fàlà sí nídìí, kì í ṣe 11. Àwa mẹ́rin ti pín ìwé lámèyítọ́ mẹ́ta tó wà nínú wọn, mo sì ń jí ní aago márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tòògbé lórí ìjókòó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìtàn àròsọ kan ti parí, mo sì ti dé ojú ìwé 74 nínú èkejì. Gbogbo ìyókù wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, ọkọ mi sì ti kọ ọjọ́ ìparí ìdánwò sí i lára. Ìyá Oníwé, mo tún ra ẹyọ kan ní Sátidé. Inú páálí náà ni mo jù ú sí láìṣí i.