Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè rí header ímeèlì ní kíkún?

Àbẹ̀kẹ́_Ońṣòwò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ímeèlì kan wọlé sí mi tó ń jẹ́ orúkọ báńkì mi. Wọ́n ní kí n tẹ líǹkì kan láti tún àkáǹtì mi forúkọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tì í pa. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan. Ẹnì kan ní kí n lọ wo header rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ibi tí ímeèlì ti wá àti ọ̀nà tó gbà) ní kíkún, ṣùgbọ́n orúkọ, déètì àti àkòrí nìkan ni mò ń rí lórí fóònù. Gmail ni mò ń lò. Ibo ló wà, kí sì ni kí n wò níbẹ̀?

Baba_Sáfà:
Ẹ má wulẹ̀ wá a lórí áàpù, kò sí níbẹ̀. Ẹ lo bíráúsà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ímeèlì náà, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ yan "Show original". Lókè ojú ewé tó bá ṣí, ẹ máa rí SPF, DKIM àti DMARC, àyẹ̀wò mẹ́ta lórí ibi tí ímeèlì ti wá, pẹ̀lú PASS (ó yege) tàbí FAIL (ó kùnà).

Ìyá_Ìbejì:
Fún ẹni tó ń lo Outlook àtijọ́ lórí Windows: tẹ ímeèlì náà lẹ́ẹ̀mejì, File, Properties, ó wà nísàlẹ̀ nínú "Internet headers". Àpótí yẹn kéré débi tó ń bí mi nínú, inú Notepad ni mo máa ń dà á kọ sí. Thunderbird ò ní wàhálà, Ctrl+U péré.

Àbẹ̀kẹ́_Ońṣòwò:
Ẹ ṣé gan-an, mo ti rí i. Àmọ́ PASS ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé báńkì ló kọ ọ́ lóòótọ́ nìyẹn?

Baba_Sáfà:
Rárá o. SPF ń sọ pé dòméènì (orúkọ tó wà lẹ́yìn @) tó wà ní Return-Path, àdírẹ́sì tí ímeèlì tí kò bá débi tó ń lọ máa ń padà sí, fọwọ́ sí i kí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́) yẹn máa bá òun ránṣẹ́. DKIM ń sọ pé dòméènì kan buwọ́ lu ímeèlì náà, àti pé ẹnikẹ́ni ò yí ohun tó buwọ́ lù padà lọ́nà. DMARC ń wò ó bóyá dòméènì ti SPF tàbí ti DKIM bá dòméènì inú From (ìlà ẹni tó fi ránṣẹ́) mu. Kò sí èyí tó sọ pé báńkì yín ló ni dòméènì ọ̀hún. Oníjìbìtì lè ra tirẹ̀, kó tò ó dáadáa, PASS á jáde. Ẹ da From àti Reply-To (àdírẹ́sì tí èsì máa lọ) kọ síbí, ẹ yọ àdírẹ́sì tiyín kúrò.

Àbẹ̀kẹ́_Ońṣòwò:
From: "Orúkọ Báńkì Mi" <ifitonileti@akanti-aabo.example>
Reply-To: <iranlowo@ibomiran.example>

Baba_Sáfà:
Ó tán. Ohun tó wà láàárín àmì ìfàyọ yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Àdírẹ́sì tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ bá báńkì yín wé, fóònù sì sábà máa ń fi ìyẹn pamọ́. Bí ẹ bá tún fèsì, ibòmíràn ló ń lọ.

Ìyá_Ìbejì:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí Return-Path tó yàtọ̀ sí From pe ẹni ẹlẹ́ni lólè. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gidi ló ń gba ẹlòmíràn láti bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́.

Àkànní_Tẹkí:
Ẹ ò tíì mẹ́nu kan àwọn ìlà Received inú header, tó ń fi àwọn sáfà tí ímeèlì gbà kọjá hàn. Ìsàlẹ̀ lẹ ti máa kà á lọ sókè, torí sáfà kọ̀ọ̀kan ń lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé orí ti ìṣáájú. Èyí tí sáfà tiyín lù lẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ti ìsàlẹ̀, ayédèrú lè wà níbẹ̀. Ẹ wo +0000 tàbí -0700 (ìyàtọ̀ sí aago àgbáyé, UTC) lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kí ẹ tó ní ímeèlì pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó sì fẹ́ fi IP (nọ́ńbà ẹ̀rọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) wá ilé ẹni tó kọ̀wé, kó sinmi: bí onítọ̀hún bá lo Gmail nínú bíráúsà, IP sáfà Google lẹ máa rí.

Baba_Sáfà:
Tí ẹ bá fẹ́ fi tó báńkì létí, ẹ má kàn tẹ Forward, header àkọ́kọ́ ò ní bá a lọ. Ẹ tẹ "Download original" lójú ewé yẹn, kí ẹ so fáìlì .eml náà mọ́ ímeèlì tuntun.

Ọmọ_Mac:
Apple Mail ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì:
View, Message, All Headers.