Ọ̀sẹ̀ Kan Tí Mo Lò Láàárín Àwọn Apache ní San Carlos

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere, èmi yóò sọ ti ọ̀sẹ̀ kan tí àwa mẹ́rìndínlógún láti ìjọ wa ní Phoenix lò ní San Carlos, ilẹ̀ àwọn Apache, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Arizona, nínú oṣù kẹfà. Èmi nìkan ni ọmọ Yorùbá láàárín wọn. A di ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì, páálí Bíbélì méjì àti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé sínú ọkọ̀, a gba Superior àti Globe kọjá, oòrùn kò sì tíì kan àtàrí tí a fi dé Peridot, ìlú kékeré kan nínú ilẹ̀ San Carlos.

Olórí ikọ̀ wa ti sọ fún wa nílé pé àwọn tí à ń lọ bá kò tíì gbọ́ ìhìnrere. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Ọdún 1872 ni ìjọba Amẹ́ríkà pààlà ilẹ̀ San Carlos. Nígbà tí ó di 1893, àwọn míṣọ́nárì ìjọ Luther ti dé ibẹ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n ní kí a lọ kun ilé rẹ̀ sọ fún wa pé bàbá bàbá òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi nínú ẹbí wọn. Ní ti ẹbí tèmi, bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́. Bí a bá ní kí a ka ìran, èmi ni àbúrò nínú ìgbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ojú mi ti rí nǹkan. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé, mo wọlé tọ ìyá náà pẹ̀lú ìkíni tí kò lópin: mo béèrè àlàáfíà rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Ìyá kò fọhùn. Ó jókòó, ó ń wo òkè tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, èmi sì dúró bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó wá là mí lóye nígbà tí ó yá pé, lọ́dọ̀ àwọn àgbà wọn, bí a kò bá tíì mọ irú ẹni tí àlejò jẹ́, a kì í sáré sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ara ń fu sí. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tí ó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé ìyẹn ju ààwẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà bi mí léèrè iye ọjọ́ tí a ó lò. Mo ní méje. Ó fi èékánná họ ògiri, ó fi àwọ̀ búlúù tí àwọn tí ó wá lọ́dún tí ó kọjá kùn hàn mí, ó tún họ ọ́, funfun ti àwọn tí ó ṣáájú wọn yọ. Ohun tí ó bàjẹ́ nínú ilé náà ni ẹ̀rọ tí ń fi omi tu afẹ́fẹ́ inú ilé, oòrùn oṣù kẹfà sì ń mú bí iná. Àtúnṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, síbẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Mo lọ ra pọ́ǹpù ní Globe, ó sì ń ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí tí ó ṣì ń dùn mí ni ti ọjọ́ Ẹtì. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí náà ń múra fún ijó ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ewéko etí omi súre fún un, tí àwọn oníjó aláṣọ ìbòjú tí ń dúró fún Gaan, àwọn ẹ̀mí orí òkè, sì ń jáde lóru. Olórí ikọ̀ wa pe gbogbo rẹ̀ ní ìbọ̀rìṣà lójú wọn. Mo gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ nípa egúngún nígbà èwe mi, mo sì ṣe àmín sí i. Lọ́jọ́ yẹn n kò lè ṣe àmín. Ìyá àgbà náà kò jiyàn. Ó gbàdúrà sí oúnjẹ wa ní èdè rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní orúkọ Jésù. Mo gbọ́ tí ohùn ń lọ sókè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tiwa, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì fi hàn mí pé wọ́n ń fi àmì sórí ohùn òkè bí àwa náà ti ń ṣe.

Ìrírí ẹlòmíràn

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mescalero, ilẹ̀ àwọn Apache mìíràn ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ni èmi lọ ní tèmi. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn St. Joseph tí ó wà níbẹ̀, 1939 ni wọ́n sì yà á sí mímọ́. Nínú rẹ̀ ni àwòrán Jésù kan wà tí Robert Lentz yà ní 1989, tí Olúwa wọ aṣọ bí àgbà Apache. Ní 2024 wọ́n gbé àwòrán náà kúrò, àwọn ọmọ ìjọ fárígá, wọ́n sì dá a padà. Obìnrin kan tí ó ń gbá ilẹ̀ bi mí bóyá àwọn Yorùbá náà ní irú rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn wọn. Mo rántí kàlẹ́ńdà ìjọ wa ní Ìbàdàn, ti Jésù olójú búlúù, mo sì ní ìjọ tèmi kò ní in.