Ẹ̀yin tí ẹ ti lo aṣọ ìdáàbòbò tó ń pa kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀, kí lojú yín rí?

Nọ́ọ̀sì Òru
Wọ́n kó gáùn tuntun dé wọ́ọ̀dù wa, wọ́n ní fàdákà wà nínú òwú rẹ̀, pé kòkòrò àrùn tó bá bà lé e ti bá ikú pàdé. Ó fúyẹ́, kì í mú ooru bíi ti tẹ́lẹ̀, mo gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìwà wa fi yí padà. Àwọn kan ń wọ̀ ọ́ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Ẹnì kan nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà gáùn níṣojú mi, ó ní, "Ṣebí ó ń pa wọ́n ni." Mo lọ wá bébà tó bá ẹrù náà wá. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà wínníwínní, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń pa ìdá 99.9 nínú 100 bakitéríà, lẹ́yìn wákàtí 24. Kí wákàtí 24 tó pé, aláìsàn mélòó la ti máa gbé dìde, tá a ti máa gún lábẹ́rẹ́?

Alágbàfọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo wà. Fàdákà yẹn ń bá omi lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Lójú, aṣọ ò yàtọ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ń dín kù.

Irú kan wà tó jẹ́ pé kilorínì ni wọ́n so mọ́ òwú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gang Sun, ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, wà lára àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí láti àwọn ọdún 1990. Bí kilorínì bá ti bá kòkòrò jà tán, a ó rẹ aṣọ sínú omi tó ní bílíìṣì, á tún gba agbára. Láti mọ̀ bóyá ó gbà á, a ó kán omi potassium iodide tí a pò mọ́ sítáàṣì sí etí rẹ̀. Tí kilorínì bá wà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á dúdú bí aró lójú ẹsẹ̀. Níbi tí òógùn tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ mọ́ ọn, kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀, torí ìdọ̀tí ti jẹ kilorínì ibẹ̀ tán. A ṣì gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o.

Awakọ̀ Áńbúláǹsì
Ìbòmú oníbàbà lèmi lò. Òórùn irin rẹ̀ ò kúrò nímú mi bọ̀rọ̀. Ẹni tó tà á ń ka ìwádìí 2020 sí wa létí, pé fáírọ́ọ̀sì Kòrónà ò kọjá wákàtí 4 lórí bàbà, nígbà tó ń lò tó wákàtí 72 lórí ike. Òótọ́ ni, àmọ́ orí bàbà gidi ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n fi bàbà díẹ̀ sí. Tèmi sì ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Atẹ́gùn tó gba ibẹ̀ wọlé, ìgbà wo ló fara kan bàbà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Aṣọ
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ẹ ń lù ú jù. Ẹni tó ń kó gáùn lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ ọ ló wúlò fún jù. Gáùn tó sùn sínú apẹ̀rẹ̀ mọ́jú, wákàtí 24 yẹn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní yàrá ìwádìí wa, rose bengal la fi ń pa aṣọ láró, àwọ̀ pupa kan tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i: bí iná bá tàn sí i, á sọ ọ́síjìn di ohun tó ń ba kòkòrò jẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń jẹ́ kó ṣá. À ń wò ó lábẹ́ iná báyìí, pupa rẹ̀ á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Nọ́ọ̀sì Òru
Àbúrò, ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ yẹn yé mi. Àmọ́ ìgbà tá a bá ń bọ́ ọ gan-an ni ewu wà, kì í sì í pẹ́ rárá. Ní wọ́ọ̀dù wa báyìí, ẹnì kejì ló ń wo ẹni tó ń bọ́ṣọ, ì báà jẹ́ ti fàdákà, ì báà má jẹ́ ti fàdákà. Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kán omi yín yẹn sí tiwa?

Alágbàfọ̀
Kò ní dáhùn, ẹ̀gbọ́n. Ti kilorínì nìkan ló wà fún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín pé ìfọ̀ mélòó ló lè gbà, kí ẹ sì máa fi yíǹkì tí kì í ṣí sàmì sí ọrùn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ti ibi ìfọṣọ dé.