Sítáǹpù Amẹ́ríkà 2 cents yìí, ọdún wo ni?

Ẹ kú ilé o, inú àpótí bàbá wa ní Ìtòkú ni mo ti rí i, pupa, orí Washington. Ṣé 1890 ni àbí 1894?

— Ẹ wo igun òkè. Tí onígun mẹ́ta kékeré bá wà níbẹ̀, 1890 kọ́ nìyẹn, láti 1894 ni wọ́n ti fi sí i.

— Ó wà níbẹ̀ sà!

— Ó ku ìlà inú onígun mẹ́ta náà o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: tó bá gba inú ẹ̀ kọjá tó nípọn bákan náà nínú àti níta, irú tí wọ́n ń pè ní Type I nìyẹn, tó bá tín-ín-rín nínú ẹ̀, Type II, tí ò bá kọjá férémù ẹ̀, Type III. Kẹ́ ẹ wá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn ẹ̀ wá, tí lẹ́tà USPS, àmì tí wọ́n ṣe sínú pépà fúnra ẹ̀, bá hàn, láti 1895 nìyẹn. Tó bá ṣì wà lára ènfílóòpù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́!