Kí ni «nezem» tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù fún Rèbékà gan-an?

Olùkọ́ Ọmọdé:
Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè Ìwé Mímọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, oníwàásù kan tó wá bá wa jọ́sìn sọ pé òrùka wúrà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù mú jáde fún Rèbékà lẹ́bàá kànga, ní Jẹ́nẹ́sísì 24:22, jẹ́ òrùka ìgbéyàwó, àti pé ìka ọwọ́ ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí mo délé, mo ka ẹsẹ 47, mo sì rí i pé imú ni ìránṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi í sí. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 tún da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lójú, nítorí pé yẹtí ló pè é, síbẹ̀ ó ní ojú rẹ̀ ni wọ́n fi yẹtí náà sí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wa, n kò sì fẹ́ kọ́ wọn ní ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà túmọ̀ sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Hébérù:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Nezem ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun ọ̀ṣọ́ roboto tí a ń fi sí imú tàbí etí ni, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì sọ èwo nínú méjèèjì. Ẹsẹ tó bá ti jẹ yọ ló máa ń sọ ọ́. Ní Òwe 11:22, imú ẹlẹ́dẹ̀ ni nezem wúrà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Áárónì ní kí àwọn èèyàn bọ́ nezem wúrà wọn wá, èyí tí ó fi ṣe ère ọmọ màlúù ní Ẹ́kísódù 32, etí àwọn aya wọn, àwọn ọmọkùnrin wọn àti àwọn ọmọbìnrin wọn ni wọ́n ti bọ́ ọ. Etí náà ni àwọn ará ilé Jákọ́bù ti bọ́ tiwọn, kí ó tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi tó wà lẹ́bàá Ṣékémù. Ibi tó là mí lójú jù lọ ni Ìsíkíẹ́lì 16:12, tí imú àti etí ti pàdé nínú gbólóhùn kan: nezem ni wọ́n fi sí imú, agilim, tí í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, sì ni wọ́n fi sí etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hébérù òde òní ṣe pín in: nezem ni ti imú, agil ni yẹtí.

Ti ìka ọwọ́ ń jẹ́ tabaat, irú èyí tí Fáráò bọ́ ní ọwọ́ ara rẹ̀ tí ó fi bọ ọwọ́ Jósẹ́fù ní Jẹ́nẹ́sísì 41:42. «Òrùka» kan náà ni Bíbélì Yorùbá fi pe méjèèjì, ẹni tó bá sì gbọ́ òrùka láìsí àlàyé, ìka ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ. N kò rò pé oníwàásù yẹn fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ojú iṣẹ́ mi wò ó. Ẹsẹ 22 sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ beka kan, ìyẹn ìdajì ṣékélì, tí kò tó gíráàmù 6. Ìwọ̀nba wúrà tí ihò imú lè gbé nìyẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹsẹ náà sì dárúkọ, bẹ́ẹ̀ méjì ni ẹ̀gbà ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ yẹtí ni, méjì ni èmi ìbá retí pé kí wọ́n kà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Hébérù:
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn, ọ̀gá. Àwọn tó túmọ̀ ẹsẹ náà sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ sọ ọ́ di yẹtí, wọ́n sì ní láti sọ ẹyọ kan yẹn di púpọ̀. Bíbélì èdè Látìn náà ṣe bákan náà.

Ìyá Ìjọ:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Rèbékà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn ràkúnmí lómi tán ni ọkùnrin náà mú wúrà jáde, ní ẹsẹ 23 ni ó sì tó bi í pé ọmọ ta ni í ṣe. Kò tíì mọ orúkọ bàbá ọmọ, kò tíì bá ará ilé kankan sọ̀rọ̀. Ọ̀nà wo ni a ó gbà pe ìyẹn ní òrùka ìgbéyàwó? Lẹ́yìn tí Lábánì àti Bẹ́túẹ́lì ti gbà tán, ní ẹsẹ 53, ni ẹ̀bùn ìdílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Olùkọ́ Ọmọdé:
Ẹ ṣeun, Mà, ẹ ṣeun gbogbo yín. Ẹsẹ 47 ni n ó kà fún àwọn ọmọ náà. Mo mọ̀ pé wọn yóò bi mí bóyá àwọn ọkùnrin pẹ̀lú máa ń wọ nezem.

Akẹ́kọ̀ọ́ Hébérù:
Wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ 8:24 sí 26 fún wọn: Gídíónì ní kí olúkúlùkù fún òun ní nezem kan láti inú ìkógun rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀tá tí Ísírẹ́lì ṣẹ́gun a máa wọ nezem wúrà, Íṣímáẹ́lì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 1,700 ṣékélì.