Ohùn ọ̀rẹ́ mi tó kù sínú fóònù mi: ṣé kí n pa á rẹ́ ni?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí ọ̀rẹ́ mi kòríkòsùn ti jáde láyé. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ṣùgbọ́n tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ kí ikú tó yà wá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàtàkì, ó lè máa bi mí bóyá mo ti sùn, tàbí kí ó máa kọ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń tẹ́tí sí i, n ó sọkún, ara á sì fúyẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan tí ó sún mọ́ mi ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí pé n kì í ṣe ẹbí olóògbé, àti pé ọ̀fọ̀ mi ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ṣé àṣìṣe ni mò ń ṣe?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Nígbà tí èèyàn bá kú, ọkọ tàbí aya, òbí àti ọmọ ni a máa ń kí; ibi iṣẹ́ pàápàá kì í sábà fún ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ní ìsinmi. Ní ọdún 1989, Kenneth Doka, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú ọ̀fọ̀ báyìí, èyí tí àwùjọ kò kà kún ọ̀fọ̀, tí ẹni tó ń ṣe é kò fi rí ẹni bá a gbé ẹrù rẹ̀. Ní ti pé ó pẹ́, àwọn onímọ̀ kan ti gbà tẹ́lẹ̀ rí pé kí ọkàn ẹni tó ṣẹ́kù tó lè balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ já okùn tó so ó mọ́ olóògbé; ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, Dennis Klass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tako èrò yẹn, wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá ìfẹ́ náà lọ lọ́nà mìíràn láìsí pé ó di àìsàn. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìrònú náà kò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ tàbí kí ẹ gbé ìgbé ayé yín mọ́, ẹ lọ rí dókítà, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka irú èyí mọ́ àìsàn. Ẹkún tó ń mú ara fúyẹ́ kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìdáhùn kejì
Ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn ohùn náà lónìí. Fóònù tí ohùn ọ̀rẹ́ tèmi wà nínú rẹ̀ bọ́ sómi, gbogbo rẹ̀ sì lọ pátápátá. Bí ó ṣe máa ń pe orúkọ mi ni mo ń wá káàkiri nínú ọkàn mi báyìí, kò sì fẹ́ dún mọ́. WhatsApp sábà máa ń pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún 120 ọjọ́ rẹ́, nítorí náà bí àwòrán ọ̀rẹ́ yín bá pòórá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ohun tó wà nínú fóònù yín kò bá a lọ. Iléeṣẹ́ fóònù sì lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi òmíràn sí ímeèlì yín, kí ẹ sì kọ ohun tó fà á tí ó fi sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn kẹta
Ìyìn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rẹ́ tèmi. Mo ń sọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé ọ̀làwọ́ ni, títí ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dà bí àlejò létí ara mi. Ìgbà tí mo rántí bí ó ṣe máa ń bínú tí mo bá pẹ́, àti bí ó ṣe máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu, ni mo tó rí i padà. Mo kọ díẹ̀ nínú rẹ̀, àti bí ó ṣe máa ń ké ewì, ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá pè mí, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ọmọ àwọn máa ń ké ewì, wọ́n sì ní kí n tún un sọ.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, 43 ni wọ́n. Ní ẹ̀gbẹ́ èyí tó kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti délé, n kò sì dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Orin tó ń kọ yẹn ni n ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀.